Ta Ló San Èlé Náà? Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Kan ní Ìtokù

Láàárín ìparí ọdún 2023 sí ọdún 2025 ni ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn tó ń ta àdìrẹ ní ọjà Ìtokù, l'Abẹ́òkúta. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, n kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ ìwé owó àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wò. Àwọn akẹgbẹ́ mi tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ni mo ń kọ ọ́ sí, pẹ̀lú àwọn akápò àti akọ̀wé ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ń gbọ́ nípa DeFi, ìyẹn ètò owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kọ̀ǹpútà ń darí láìsí báńkì, tí wọn ò mọ ibi tí wọn ì bá ti dì í mú. Ohun tó mú mi kọ ọ́ ni pé owó ẹgbẹ́ náà kò bọ́ sọ́wọ́ gbájúẹ̀. Kò sẹ́ni tó jí kọ́bọ̀ nínú ẹ̀. Apá kan owó náà lọ sí ìdajì, bẹ́ẹ̀ ètò tí wọ́n kó o sí ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ pé yóò ṣiṣẹ́, gbogbo ẹ̀ sì wà ní gbangba fún ẹni tó bá mọ ibi tí yóò wò.

Kí ẹ lè mọ bí dọ́là ṣe wọ ọ̀rọ̀ àdìrẹ: ọ̀pọ̀ nínú wọn ní oníbàárà ní London, ní Houston, ní Accra. Owó tó bá gba báńkì òkèèrè wá máa ń pẹ́ lọ́nà, wọ́n sì ń gé púpọ̀ nínú ẹ̀, nítorí náà àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í san USDC tàbí USDT, ìyẹn owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ dúró fún dọ́là kan. Lóṣù kẹfà 2023 ni wọ́n tú náírà sílẹ̀. Dọ́là tó ń jẹ́ bíi ₦460 ní báńkì fò kọjá ₦700 láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nígbà tí yóò sì fi di oṣù kejì 2024, ó ti lé ní ₦1,500. Kò sí oníṣòwò tí yóò rí èyí tí yóò tún máa sáré ṣẹ́ dọ́là rẹ̀. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ ṣí àpò dọ́là. Ẹni tó bá ní USDC tí kò tíì fẹ́ ná á fi sínú wọ́lẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́, akọ̀wé á kọ orúkọ rẹ̀ àti iye rẹ̀ sí ìwé. Nígbà tí báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà dẹ òfin rẹ̀ lóṣù kejìlá 2023, òfin oṣù kejì 2021 tó ní kí báńkì má bá àwọn oníṣòwò crypto da nǹkan pọ̀, ọkàn wọn balẹ̀ sí i. Owó inú àpò náà ti di $12,000.

Ọmọ akápò, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní fásitì, ló mú àbá wá pé kí owó náà má jókòó lásán. Ó ní kí wọ́n kó o sí Aave, ètò ìyánilówó tí Stani Kulechov bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2017 pẹ̀lú orúkọ mìíràn, ETHLend. Akọ̀wé wọn mọ iṣẹ́ ẹ̀ níṣẹ́: ó kọ ìbéèrè àti ìdáhùn ìpàdé náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe jáde lẹ́nu. Alága ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó ló béèrè jù. Bàbá tó ń ta sódà àti aró ni, ó sì ti pẹ́ tó ti ń lé àwọn tó jẹ ẹgbẹ́ ní gbèsè.

"Ọmọ mi, ta ló fẹ́ yá owó wa? Kí ló fi dúró? Bó bá sá lọ ńkọ́?"

"Bàbá, a ò ní mọ orúkọ ẹ̀, àmọ́ kò lè sá lọ. Ẹni tó bá fẹ́ yá $80, á kọ́kọ́ kó ohun tó tó $100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, bóyá ETH, owó crypto kan tí iye rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Bí owó ETH bá ń já bọ̀ tí ìdógò ẹ̀ ò fẹ́ẹ́ tó gbèsè mọ́, ẹnikẹ́ni lè san gbèsè náà kó sì gba ìdógò yẹn ní ẹ̀dínwó. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é. Kò sí pé à ń bẹ ẹnikẹ́ni."

Bàbá ní ó dáa. Ó ní kí wọ́n fi $4,000 dán an wò, bí oṣù mẹ́ta bá pé, kí wọ́n wá jábọ̀ fún ìpàdé. Ìdáhùn tí ọmọ yẹn fún un tọ̀nà pátápátá.

Mo fẹ́ dúró lórí ìṣirò rẹ̀ díẹ̀, torí ẹni tí kò bá mọ eléyìí kò ní mọ ìyàtọ̀ tó wà nínú ohun tó tẹ̀ lé e. Ká ní $100 wà nínú àpò USDC. Àwọn tó fẹ́ yá owó gbé $80 nínú ẹ̀ ní èlé 6% lọ́dún. Èlé tí wọ́n san jẹ́ $4.80. Ètò náà mú ìdá kan nínú mẹ́wàá èlé yẹn, sẹ́ǹtì 48, sínú àpò ìṣúra tirẹ̀. $4.32 tó kù ni wọ́n pín fún gbogbo àwọn tó ni $100 náà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó yá owó fi ń san 6% tí ẹni tó kó owó sílẹ̀ sì ń gba 4.32%. Bí àwọn tó ń yá owó bá pọ̀ sí i, èlé á gòkè. Bí wọ́n bá dín kù, á wálẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Èlé tí ọmọ ẹgbẹ́ san lórí ẹ̀yáwó ló ń di ìpín èrè ní ìparí ọdún, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ti àpò ìpamọ́ àti ti iṣẹ́ ọ́fíìsì. Nígbà tí mo ṣe àlàyé yìí fún àwọn ìyá náà lẹ́yìn-ò-rẹyìn, kò sí ẹni tó ní kí n tún un sọ.

Oṣù mẹ́ta pé, wọ́n jábọ̀, èlé wọlé. Wọ́n kó gbogbo $12,000 sí i. Àkókò tó dáa ni wọ́n bọ́ sí, torí lóṣù kẹta 2024 bitcoin ti kọjá $70,000, àwọn èèyàn sì ń yá dọ́là lọ́tùn-ún lósì kí wọ́n lè ra crypto sí i. Èlé USDC lọ sókè ju 10% lọ. Nígbà tí ọdún ń dé ìdajì, ìtara yẹn ti rọ̀, èlé náà sì rọlẹ̀. Kò sí ohun tó bàjẹ́: àwọn tó ń yá owó ló dín kù. Ṣùgbọ́n akápò ti sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé 10% ni wọn yóò máa gbà, ojú sì ń tì í. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ wá ibòmíràn tó sàn jù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyí. Oṣù kẹfà ni, àsìkò Hájì, alága ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó wà ní Mẹ́kà. Ìpàdé kankan ò wáyé. Lórí WhatsApp ni akápò àti ọmọ rẹ̀ ti fẹnu kò, wọ́n fi tó ìyá tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ létí, ìyẹn ní kò burú. Wọ́n yọ $4,000 kúrò nínú Aave, wọ́n kó o sí ilé ìpààrọ̀ owó tuntun kan tó ń polówó èlé 45% lórí Arbitrum, ọ̀kan nínú àwọn ìkànnì tí owó crypto ń gbà. N kò ní dárúkọ ètò náà. Àpò tí wọ́n kó o sí gba ohun méjì: ìdajì rẹ̀ USDC, ìdajì rẹ̀ tókìn, ìyẹn owó crypto tí ilé ìpààrọ̀ náà fúnra rẹ̀ ṣe. Nítorí náà wọ́n fi $2,000 ra tókìn náà, 2,000 rẹ̀ ní dọ́là kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kó o pẹ̀lú $2,000 USDC sínú àpò.

Nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé, kò sí ìbéèrè kankan fún owó yìí. Ojú-ewé náà ṣófo.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, inú gbogbo wọn dùn. Lójoojúmọ́ ni èrè ń gorí èrè lójú fóònù, akápò sì ń kọ ọ́ sí ìwé ní iye tí ojú fóònù bá pè é. Lẹ́yìn náà tókìn náà bẹ̀rẹ̀ sí í já díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ 2024, gbogbo ọjà crypto wó káàkiri àgbáyé, ti èyí sì wó ju ti àwọn yòókù lọ. Nígbà tí oṣù kẹjọ ń parí, tókìn tí wọ́n rà ní dọ́là kan ti di sẹ́ǹtì 25. Bàbá ti dé láti Mẹ́kà, ó béèrè ìròyìn àpò dọ́là ní ìpàdé, ọ̀rọ̀ sì di ọ̀rọ̀. Àwọn kan ní ọmọ akápò ti kó owó jẹ. Àwọn kan ní MMM ọdún 2016 ló tún dé. Ìgbà yẹn ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí.

Mo jókòó ti ọmọ náà ní ìsọ̀ ìyá rẹ̀, láàárín àdìrẹ elékò àti oníko tí wọ́n tò jọ kan àjà, ìwé owó ẹgbẹ́ wà lórí itan mi, àmì ìka aró sì wà létí ewé rẹ̀. A ṣí Arbiscan, ojú-ìwé tí gbogbo ìṣípò owó lórí Arbitrum ti hàn sí ẹnikẹ́ni. Mo ní kó fi ibi tí tókìn èrè wa ti wá hàn mí. Ó tẹ̀ ẹ́. Owó náà wá láti inú àdéhùn orí kọ̀ǹpútà tó ń pín èrè. Mo ní, ta ló fún àdéhùn yẹn? A tún tẹ ìyẹn. Àdírẹ́ẹ̀sì tó jáde jẹ́ òdo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: 0x, òdo tẹ̀ lé òdo títí. Ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé kò sí ẹnikẹ́ni tó san án. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n dá a. Ọmọ náà gbé ojú sókè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ ni."

Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tíì ṣàlàyé bí owó wọn ṣe di ìdajì. A wá wo owó tí àwọn oníbàárà ilé ìpààrọ̀ náà ń san ní tòótọ́. Ẹni tó bá fi nǹkan pààrọ̀ níbẹ̀ ń san 0.30%: 0.25% dúró sínú àpò fún àwọn tó kó owó sílẹ̀, 0.05% lọ sí àpò ìṣúra ètò náà. Àpò tí a wà nínú ẹ̀ tó nǹkan bíi $800,000 nígbà tí wọ́n wọ̀ ọ́, ìdá 0.5% nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹgbẹ́. Ìpààrọ̀ tó ń wáyé lójúmọ́ kò ju bíi $15,000 lọ. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: owó iṣẹ́ tí gbogbo oníbàárà san lójúmọ́ jẹ́ $45. $37.50 jẹ́ ti àwọn tó kó owó sílẹ̀, $7.50 jẹ́ ti ètò. Láti mú $45 yẹn wọlé, ètò náà ń tẹ tókìn bíi 1,000 lójoojúmọ́, tó jẹ́ $1,000 ní iye tí wọ́n ń tà á nígbà náà. Èlé 45% tó wà lójú fóònù, inú $1,000 yẹn ni fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ ti wá. Ní oṣù méjì, ìpín ẹgbẹ́ nínú owó iṣẹ́ gidi jẹ́ $11. Tókìn tí wọ́n fún wọn jẹ́ 300, èyí tó jẹ́ $75 lọ́jọ́ tí a ń ṣe ìṣirò.

Ohun tó ká mi lára jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí USDC wọn. Gbogbo àwọn tó ń gba tókìn tuntun lójoojúmọ́ ń tà á. Níbo ni wọ́n ń tà á sí? Inú àpò yẹn kan náà. Wọ́n ń kó tókìn wọlé, wọ́n ń kó USDC jáde. Ọ̀nà tí irú àpò bẹ́ẹ̀ ń gbà ṣiṣẹ́ ni pé iye ohun kìíní ìlọ́po iye ohun kejì kì í yí padà. Ẹgbẹ́ kó 2,000 àti 2,000 wọlé, ìlọ́po wọn jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́rin. Nígbà tí tókìn dé sẹ́ǹtì 25, ohun tó jẹ́ tiwọn nínú àpò ti di 4,000 tókìn àti 1,000 USDC. Ìlọ́po wọn ṣì jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́rin, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ jẹ́ $2,000. Ká ní wọ́n kàn di ohun méjèèjì mú sínú wọ́lẹ́ẹ̀tì láìkó o síbì kankan, $2,500 ni wọn ì bá ní. $1,000 USDC tí àwọn ìyá wọ̀nyí gbà lọ́wọ́ oníbàárà fún aṣọ tí wọ́n pa láró ló ti bá àwọn tó ń ta tókìn lọ. Èlé 45% náà, owó àwọn tó ń gbà á ni wọ́n fi ń san án fún ara wọn.

Mo ka gbogbo rẹ̀ sókè ní ìpàdé. $2,000, $11, $75: $2,086 ló kù nínú $4,000. Ariwo náà kò pẹ́, torí ìṣirò wà níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ lè ṣe é fúnra rẹ̀. Bàbá alága ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó kò bínú sí ọmọ náà. Ó ní ká kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ẹnì kan bá ti béèrè ẹni tó ń san èlé, ọ̀rọ̀ kì bá ti dé ibẹ̀.

Mo ní láti sọ èyí láìṣègbè fún ẹnikẹ́ni: títẹ tókìn fún ìpolówó kì í ṣe olè jíjà. Láti oṣù kẹfà 2020 ló ti gbajúmọ̀, nígbà tí Compound, ètò ìyánilówó kan, bẹ̀rẹ̀ sí í pín tókìn COMP fún àwọn tó bá kó owó sílẹ̀ tàbí tó yá owó níbẹ̀. Ètò tuntun ò ní oníbàárà, ó ní láti fa èèyàn mọ́ra. Ìṣòro ni kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fi fa èèyàn mọ́ra bí ẹni pé èrè òwò ni, kí ẹni tó kó owó sílẹ̀ sì gbà á bẹ́ẹ̀. Àpẹẹrẹ tó tóbi jù tí mo mọ̀ ni ti Anchor, ètò ìyánilówó kan lórí ìkànnì Terra. Wọ́n ń san èlé tó súnmọ́ 20% fún ẹni tó bá kó UST, owó Terra tó yẹ kó dúró fún dọ́là kan, sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí àwọn tó yá owó ń mú wọlé kò tó o rárá. Àpò kan ni wọ́n ń fi dí àlàfo náà. Nígbà tí àpò náà fẹ́ gbẹ lóṣù kejì 2022, wọ́n tún da $450 mílíọ̀nù sí i. Nígbà tí yóò fi di oṣù karùn-ún ọdún kan náà, UST fúnra rẹ̀ ti wó. Ẹnikẹ́ni tó bá fi èlé tí wọ́n ń san wé èlé tó ń wọlé ì bá ti rí i ṣáájú, torí gbangba ni nọ́ńbà méjèèjì wà.

Ìbéèrè kan jáde ní ìpàdé yẹn tí n kò retí, ó sì dáa púpọ̀. Alhaja kan tó ń ta àdìrẹ olówó ńlá ní, "Ẹ sọ pé $7.50 ń wọ àpò ìṣúra wọn lójúmọ́. Àwa náà ní tókìn wọn. Ṣé àwa kọ́ la ni ilé ìpààrọ̀ náà ni? Níbo ni ìpín tiwa wà?"

Kò sí ìpín kankan. Ìwé ètò náà sọ ọ́ kedere: tókìn yẹn ń fún èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti dìbò nìkan. Àwọn márùn-ún ló di kọ́kọ́rọ́ àpò ìṣúra mú, mẹ́ta nínú wọn sì lè ná an. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí ní àwọn ètò ńlá pàápàá. Ilé ìpààrọ̀ Uniswap tí Hayden Adams gbé jáde lóṣù kọkànlá 2018 ti gba owó iṣẹ́ tabua, àwọn tó kó owó sílẹ̀ ló sì gba owó iṣẹ́ náà. Tókìn UNI jáde lóṣù kẹsàn-án 2020, àwọn tó di í mú kò rí nǹkan gbà nínú owó iṣẹ́ ìpààrọ̀ náà títí di ìparí 2025, nígbà tí wọ́n dìbò pé kí apá kan rẹ̀ máa lọ sí fífi UNI jóná, ìyẹn pípa á rẹ́ títí láé. Láàárín àkókò yẹn, láti oṣù kẹwàá 2023, ilé-iṣẹ́ tó kọ ètò náà ń gba owó iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, 0.15% níbẹ̀rẹ̀, lọ́wọ́ àwọn tó ń lo ojú-ìwé rẹ̀, tirẹ̀ sì ni owó náà, kì í ṣe ti oní-tókìn. Curve, ilé ìpààrọ̀ mìíràn, ṣe é yàtọ̀: ẹni tó bá ti CRV, tókìn ibẹ̀, mọ́lé, ó lè tó ọdún mẹ́rin, ń gba ìdajì owó iṣẹ́ ìpààrọ̀. Lido ń mú 10% nínú èrè tí ETH àwọn èèyàn bá pa, ó ń pín in láàárín àwọn tó ń mójú tó ẹ̀rọ àti àpò ìṣúra rẹ̀. Lóṣù kẹrin 2025, Aave bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ìṣúra rẹ̀ ra tókìn AAVE padà lọ́jà, $1 mílíọ̀nù lọ́sẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Nínú MakerDAO, tó yí orúkọ padà sí Sky lọ́dún 2024, èlé tí àwọn tó yá DAI, owó rẹ̀ tó dúró fún dọ́là kan, ń san àti èrè ìwé gbèsè ìjọba Amẹ́ríkà tí wọ́n rà ni wọ́n ń fi san èlé fún ẹni tó bá fi DAI pamọ́. Ojú ọ̀nà tí owó ń gbà ní ètò kan kò jọ ti èkejì, orúkọ DeFi tí gbogbo wọn ń jẹ́ kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni ojú ọ̀nà tó jẹ́ tirẹ̀.

Bí wọ́n ṣe yanjú ọ̀rọ̀ náà: wọ́n yọ ohun tó kù lọ́jọ́ kejì, wọ́n ta gbogbo tókìn, wọ́n dá owó padà sí Aave. Àdánù náà jẹ́ $1,914. Akápò ní òun yóò san án látinú ọjà òun. Àwọn kan gbà, ṣùgbọ́n Bàbá kọ̀, ó ní bí èrè ìbẹ̀rẹ̀ bá jẹ́ ti gbogbo ẹgbẹ́, àdánù ò lè jẹ́ ti ẹnì kan. Wọ́n fi bíi $430 tí Aave ti mú wá di apá kan rẹ̀, wọ́n sì pín ìyókù fún gbogbo ẹni tó ní owó nínú àpò dọ́là bí owó kálukú ṣe pọ̀ tó, ó jẹ́ nǹkan bíi $12 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo rò pé ìdájọ́ yẹn ló mú kí ẹgbẹ́ náà wà títí dòní. Ká ní wọ́n dá gbogbo ẹrù yẹn lé akápò lórí ni, kò sí akápò mìíràn tí yóò sọ òótọ́ fún wọn mọ́ bí nǹkan bá bàjẹ́.

Wọ́lẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ ti di èyí tí ẹni mẹ́ta di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú, ẹni méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí owó tó jáde. Alága ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ọmọ akápò sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó lórí fóònù.

Fún àwa tí a ń yẹ ìwé wò, ohun tí mo yí padà jù lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ni ọ̀nà tí mo ń gbà kọ èrè DeFi sínú ìwé owó. Mo ń ya á sí mẹ́ta: owó tí oníbàárà ètò náà san, tókìn tuntun tí wọ́n fi ta èèyàn lọ́rẹ, àti ìyípadà iye owó ìpìlẹ̀ tí wọ́n kó sílẹ̀. Tókìn tí wọ́n fún ẹgbẹ́ kì í ṣe èrè títí wọn yóò fi tà á, iye tí wọ́n sì tà á ni a óò kọ, kì í ṣe iye tí fóònù pè é lọ́jọ́ tó wọlé. Ká ní akápò kọ ọ́ báyìí láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìlà kìíní ì bá fi dọ́là kan àti díẹ̀ hàn án, ì bá sì ti béèrè.

DefiLlama, ojú-ìwé kan tó ń kó ìṣirò àwọn ètò DeFi jọ, ń ṣe irú ìpínsísọ̀rí yìí fún ọ̀pọ̀ ètò, lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ń fi gbogbo owó tí oníbàárà san hàn lọ́tọ̀, èyí tó kù sọ́wọ́ ètò náà lọ́tọ̀, èyí tó dé ọwọ́ oní-tókìn lọ́tọ̀, àti iye tókìn tí wọ́n fi fa èèyàn mọ́ra. Ẹ má fi ọ̀kan dípò èkejì. Mo ti rí ìwé àbá tí wọ́n gbé wá fún ẹgbẹ́ mìíràn ní Kútọ̀, tí wọ́n pe gbogbo owó tí oníbàárà san ní èrè ètò náà, nígbà tó jẹ́ pé àwọn tó kó owó sílẹ̀ ti gba fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀. Bí tókìn tí wọ́n ń fúnni bá ju owó tí oníbàárà ń san lọ ní ìlọ́po púpọ̀, ẹ wá ẹni tó ń ra tókìn náà kí ẹ tó wá ohun mìíràn.

Ẹ wo òfin ẹgbẹ́ pẹ̀lú, bóyá ó gbà wọ́n láàyè rárá. Láti oṣù kẹta 2025 tí ààrẹ ti fọwọ́ sí òfin ìdókòwò tuntun, SEC, àjọ tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò ní Nàìjíríà, ti ní àṣẹ lórí irú ohun ìní báyìí, ẹgbẹ́ tí kò bá ní àkọsílẹ̀ ìpàdé fún un yóò rí wàhálà bí ọ̀rọ̀ bá délé ẹjọ́.

Ohun kan tó kù ni ọ̀nà àbájáde. Èlé gidi pàápàá lè wà níbi tí owó ìpìlẹ̀ ò ti lè jáde lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ ẹ. Nínú ètò ìyánilówó, bí àwọn tó ń yá owó bá ti gbé gbogbo owó inú àpò, ẹni tó kó owó sílẹ̀ á dúró títí ẹnì kan yóò fi san gbèsè tàbí tí ẹlòmíràn yóò fi kó owó wọlé. Ní Ìtokù, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń yọ $200 jáde báyìí. Wọ́n ń ṣẹ́ ẹ sí náírà, wọ́n ń kọ iye tí owó gáàsì, ìyẹn owó ìṣípò lórí ìkànnì, gé, iye ọjọ́ tó gbà, àti iye tí onípààrọ̀ rà á, Bàbá a sì fọwọ́ sí ìlà náà pẹ̀lú bírò rẹ̀.